Ta Ló Kàn Nínú Àáró?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa sọ ní Ìyàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, nìyí, nígbà tí wọ́n wálé ọdún Àjíǹde. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àyàfi ibi tí orin ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Okun o, gbogbo ilé. Okun, ẹ̀yin bàbá wa. Okun, ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀yin ọmọ tó ti Èkó, Àbújá, Ìlọrin àti òkè òkun dé, okun ìrìn o. Ọ̀nà tí ẹ gbà wá kò rọrùn, a mọ̀. Ẹ kú ewu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ tí mo fi kí yín yìí yẹ̀ wò. Bí ẹ bá bá ènìyàn tó ń roko, okun lẹ ó wí. Bí ó bá fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, okun náà ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, okun náà la máa ń kí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó fara pa, àti ẹni tó ń sunkún. Òun náà ló sì wá di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa, Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ baba ńlá wọn, àwọn kan ń jẹ́ orúkọ odò. Ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá pàdé ara wa ni àwa ń jẹ́. Létí tèmi, ẹni tó bá ní okun, agbára ló ń tọrọ fún ẹni tó ń kí. Ó ń sọ fún un pé, mo rí i pé ẹrù wà lórí rẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá pè mí síbí béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ká gbájú mọ́ ara wa ni, àbí ká gbájú mọ́ ìlú?" Kò fi ṣe àwàdà o. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé ní alẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n fi ronú. Nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, oko bàbá mi ni ọkàn mi ń lọ sí ṣáá.

Ẹ̀yin àgbà mọ àáró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó jókòó síbí kò bá a láyé. Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá wọ̀ lọ́rùn, bóyá ilé ló fẹ́ mọ, ló ń pe ọ̀wẹ̀. Yóò pe ará, yóò pe àna, yóò pe ọ̀rẹ́, wọn yóò ṣiṣẹ́, yóò bọ́ wọn, ó parí nìyẹn. Àáró ní ìṣirò nínú. Àwọn tí agbára wọn ṣe déédéé ni wọ́n ń kó ara wọn jọ. Bí wọ́n bá ko ebè lóko tìrẹ lónìí, ó di oko tèmi lọ́túnla, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe fún ọ, gbèsè ni. Ara rẹ lo ó sì fi san án. O kò lè rán owó lọ dípò.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí. Méje ni wọ́n nínú àáró bàbá mi. Bàbá mi ti ko ebè fún ẹni mẹ́rin. Ó ku ọ̀la kí ó kan oko tiwa ni ibà gbé e dè mọ́lẹ̀. Ìyá mi ránṣẹ́ sí olórí wọn pé kí wọ́n fo tiwa, kí wọ́n máa lọ sí oko ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò dáhùn. Nígbà tí ó di ìdájí, mo gbọ́ tí ọkọ́ ń kan ọkọ́ lẹ́yìn ilé. Wọn kò wọlé. Wọ́n kàn kí bàbá mi láti ìta pé okun o, wọ́n sì gba ọ̀nà oko lọ.

Èmi àti ìyá mi gbé iyán tọ̀ wọ́n lọ nígbà tí oòrùn ti là dáadáa. Bí a ṣe yọ sí wọn, mo rí ohun kan tí ojú mi ò gbàgbé títí dòní. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà tò, oníkálukú wà lójú poro tirẹ̀, wọ́n ń ko ebè bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n poro kan ṣófo láàárín wọn. Mẹ́ta wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta wà lápá òsì, kò sí ènìyàn kankan láàárín. Mo bi ìyá mi léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ààyè bàbá mi ni. Wọ́n ko tiwọn dé òpin oko. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yí padà, tí ẹni mẹ́fà jọ wọ inú poro kan, wọ́n sì ko ó bí ìgbà tí ọmọdé ń fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n wẹwọ́, wọ́n jẹun. Kí wọ́n tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, olórí wọn béèrè pé, "Ta ló kàn?" Ẹnì kan ní òun ni. Wọ́n dá ọjọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ara bàbá mi yá, ó san àwọn ọjọ́ tó jẹ, kò ku ẹyọ kan.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àáró yìí síwá sẹ́yìn. Lójú tèmi, ibi tí ìdáhùn ìbéèrè ọmọ wa wà nìyí: oko tí wọ́n ko ebè rẹ̀ kò di ti gbogbo wọn. Ti bàbá mi ni. Iṣu tó wà nínú àká rẹ̀, tirẹ̀ ni, owó tó bá pa níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má ní oko ńlá, kó má baà ju ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tí kò lóko gan-an, kò lè bá wọn dá àáró, nítorí kò sí ibi tí wọn yóò ti san tirẹ̀ fún un. Nítorí náà, ọmọ mi, ní oko. Kàwé rẹ, kọ́ṣẹ́ rẹ, fi owó pamọ́, tọ́jú ara rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tí àáró ń béèrè ni pé, bí ó bá kan ẹlòmíràn, kí á rí ọ.

Mo fẹ́ sọ tèmi fún yín báyìí, nítorí mi ò lè máa wàásù ohun tí mo kùnà nínú rẹ̀ kí n sì dákẹ́.

Owó aṣọ híhun ni wọ́n fi rán mi lọ síléèwé. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí kò mọ òfì àwọn ìyá wa, èyí tí wọ́n ń gbé dúró ti ara ògiri, tí obìnrin yóò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí yóò máa hun kíjìpá láti àárọ̀ títí ojú fi ń ṣú. Ìyá mi gbin òwú, ó fi kẹ̀kẹ́ ran án, ó rẹ ẹ́ sínú ẹlú, ó hun ún. Bí owó iléèwé bá dé tí aṣọ kò tíì tà, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dá èésú yóò ní kí ó kó tirẹ̀ ṣáájú. Báyìí ni mo ṣe di nọ́ọ̀sì. Mo gba iṣẹ́ ní Kàdúná, mo tẹ̀ síwájú, mo gba ìwé ẹ̀rí lórí ìwé ẹ̀rí. Mo ń rán owó wálé lóṣooṣù, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ń ṣe ojúṣe mi. Ní ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni mo wálé.

Ìgbà tí ìyá mi kú ni mo tó mọ̀ pé ọdún méjì ni kò fi lè gbé omi mọ́. Kò sọ fún mi. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń hunṣọ ló ń pọnmi fún un, wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, Ajé fún ti ẹni yìí, Ìṣẹ́gun fún ti ẹni yẹn. Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, ọ̀kan nínú wọn mú aṣọ kan wá fún mi. Ó ní ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè parí rẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí itan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ó dì pọ̀, mo mọ ọwọ́ ìyá mi níbẹ̀. Bí ó ṣe ń lọ sókè ni ọwọ́ ń yí padà, ibì kan dẹ̀, ibì kan le, ibì kan wọ́ díẹ̀. Mo ka ọwọ́ mẹ́rin, ó kéré tán. Kò sí ọwọ́ tèmi nínú rẹ̀.

Owó tí mo rán wúlò, mi ò sọ pé kò wúlò. Àdúrà nìkan kò lè ra oògùn. Ṣùgbọ́n owó mi ọ̀wẹ̀ ni, àwọn obìnrin yẹn ló ń bá ìyá mi dá àáró.

Ẹ má rò pé àwọn tó lọ nìkan ni ọ̀rọ̀ mi yìí bá wí o. Àwa tí a wà nílé náà ní ẹ̀bi, mo sì fẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo bi í léèrè ohun tó ń jẹ, kì í ṣe oúnjẹ ló fa wàhálà rẹ̀. Oṣù kẹta tó rí iṣẹ́ ni wọ́n bù ú fún ìsìnkú àbúrò bàbá àgbà rẹ̀, wọ́n tún dá aṣọ ẹbí lé e, wọ́n ní ọmọ tó wà ní Àbújá kò gbọdọ̀ mú owó kékeré wá. Ó lọ yá a. Àwọn kan nínú wa níbí mọ ilé tí wọ́n ti fi owó iléèwé ọmọ ra màlúù òkú. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Èéṣe tí àwa kì í wo ọrùn ọmọ wa kí a tó ní kó dáṣọ fún gbogbo ẹbí?

Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ àáró tí ẹnì kan ti ń ko ebè fún gbogbo ìlú rí. Wọ́n níye, wọ́n mọ ara wọn, ọjọ́ oníkálukú sì hàn. Ọmọ tó bá sọ fún ẹbí rẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, kò kàn mí lóṣù yìí, oṣù tó ń bọ̀ ló kàn mí," kò ṣe ìgbéraga. Kó ṣáà ti wá lóṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òun ni ibà gbé dè, kí àwa náà lè fi poro rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí a sì bá a ko ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń gbé ìlú ńlá ni ẹbí ń pè fún owó lójoojúmọ́, tí kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n béèrè bóyá wọ́n sùn.

Ẹ wo Ògìdì níbí, ní Ìjùmú. Ọdún 1951 ni wọ́n bí Nike Okundaye níbẹ̀, ẹni tí ayé ń pè ní Màmá Nike. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ, lọ́dọ̀ wọn ló sì ti rí òwú àti òfì. Ó lọ sí Ọ̀ṣogbo, iṣẹ́ àdìrẹ gbé e dé Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ dé ibi tí ọ̀pọ̀ wa ò lè dé. Ó sì ní oko tirẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé àwòrán ńlá tó wà ní Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ní 1983, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin ní iṣẹ́ ọwọ́ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó tún padà wá sí Ògìdì, ó ṣí ibi iṣẹ́ síbẹ̀, àwọn obìnrin sì ń hunṣọ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fún un lọ́mọdé ló san, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án.

Mo rántí Pius Adesanmi pẹ̀lú, òǹkọ̀wé ọmọ Ìsánlú ní Ìyàgbà níbí. Carleton University ní Ottawa ló ti ń kọ́ni, ní Kánádà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ohun tó ń kọ yóò mọ Ìsánlú bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí yunifásítì tó wà ní Legon, ní Ghana, láti tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé sọ́nà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, 2019, ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Nairobi já lulẹ̀ ní Ethiopia, ènìyàn 157 ló wà nínú rẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá a tan ń pè mí láti ibi gbogbo, wọ́n ń sunkún. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó bá òun ka ìwé tí òun fi tọrọ ẹ̀kọ́ lókè òkun, ó sì tún un ṣe látòkè délẹ̀. Ọmọ yẹn kì í ṣe ará Ìsánlú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ṣé ẹ rí i pé kò dìgbà tí ẹ bá di ọkọ́ mú? Ẹ jókòó ti ọmọ kan lórí fóònù fún wákàtí méjì, kí ẹ bá a ka ìwé tó fẹ́ fi wá iṣẹ́. Ẹ pe àgbà kan ní ọjọ́ Àìkú, àgbà kan ṣoṣo, kí ẹ má sì dẹ́kun. Ẹgbẹ́ wa orí WhatsApp mọ owó dá gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, owó ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kù kí á mọ ẹni tí yóò pọnmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìrètí náà. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Ẹ̀rù oko ń bà wá. Ọ̀nà tí a fi ẹsẹ̀ rìn láti kékeré, a ń bi ara wa léèrè kí a tó gbà á, nítorí àwọn ajínigbé. Ilé wà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju ìyá arúgbó kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rù yóò ba ilẹ̀ yìí. Kí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣẹ́gun Bídà, ìlú àwọn Núpé, ní 1897, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń ti ibẹ̀ wá kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, tí àwọn ìlú wa ń sá gun orí òkè. Àwọn Núpé ti di aládùúgbò wa láti ìgbà yẹn, ìjà ti tán, mi ò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé a kò ní ọba kan ṣoṣo tó jọba lé gbogbo wa nígbà náà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló dá wà, ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń bá. Bàbá bàbá mi sọ fún bàbá mi pé, bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wá ro oko nígbà yẹn, ìdajì ń ro, ìdajì ń wo ọ̀nà, bí oòrùn bá sì kan àtàrí, wọn yóò pàrọ̀.

Wọ́n gbin iṣu nínú ọdún tí wọn ò mọ̀ bóyá àwọn ni yóò wà á. Mo máa ń ronú sí i lálẹ́. Mi ò rò pé ọkàn wọn le ju tiwa lọ. Mo rò pé ẹnì kan ṣáà béèrè pé ta ló kàn, ẹlòmíràn sì dáhùn, wọ́n dá ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún, kò lè sùn kó má jí, nítorí ènìyàn mẹ́fà ń bọ̀ lóko rẹ̀. Ìrètí tí mo mọ̀ nìyẹn, mi ò mọ èyí tó jù ú lọ. Lóde òní, àwọn àgbẹ̀ wa tún ti ń kó ara wọn jọ lọ sóko, àwọn ọdẹ ń ṣáájú wọn. Ọmọdé kan nínú yín bi mí ní àná pé ṣé ìyẹn kì í ṣe ojo. Rárá, ọmọ mi. Àáró ni.

Mi ò fẹ́ pẹ́ jù, ebi ti ń pa yín. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nínú àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó ko ebè fún bàbá mi, gbogbo wọn ti lọ. Opó ọ̀kan nínú wọn ṣì wà, ẹ mọ ilé rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò ńlá. Ìjì tó ṣáájú òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ṣí páànù ilé rẹ̀ láti apá ibi ìdáná. Inú abọ́ ló ń gba omi òjò sí. Mo ti ra páànù, ìṣó wà nílẹ̀, káfíńtà kan nínú yín ti gbà láti wá. Lọ́jọ́ Ajé, kí mọ́tò tó gbé yín padà, ní agogo méje àárọ̀, mo fẹ́ ènìyàn mẹ́fà. Ẹni tó bá ní àkàbà, kó gbé e wá. Èmi ni n ó gún iyán. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé náà, n ó béèrè lọ́wọ́ yín ta ló kàn.